Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Ààbọ̀

Burbank, òru Ọjọ́rú, aago méjì ti kọjá.
Kọfí mi ti tutù, ó ti so awọ lójú bí ògì àná.
Èmi Araksi, ọmọ aránbàtà ará Àméníà:
bàbá mi ń rán awọ, èmi ń gé fíìmù, mo ń rán an,
kí ojú rírán má hàn.

Apá kẹta rèé. Ní apá kìíní, akọni kan ṣoṣo ló wà,
ó ní ìyá, ó jẹ gbèsè, ó ń bẹ̀rù ibi gíga.
Ní apá kejì wọ́n di mẹ́ta.
Báyìí mo ka orí wọn lójú àwòrán: mẹ́sàn-án,
àti ajá onírin kan
tí àwọn tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀.
Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fò. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ dá àpárá kan kó tó balẹ̀.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, wọ́n ní ó ju èje lọ;
tiwa ti di ẹ̀sán, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ lorúkọ aṣebi wa.
Thurlow Pence ló ṣe é, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
ará Duluth, tí òtútù ti kọ́ ní sùúrù.
Ó fẹ́ kí gbogbo odò ayé gbẹ.
Kí ló dé? Ìdáhùn wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀
tí a yà nínú aṣálẹ̀, lẹ́yìn Barstow,
lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí agbòòrùn kankan dúró.

Kò sí ohun tó bú gbàmù níbẹ̀.
Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí kò ní fóòmù,
ó ń fi iyanrìn fọ ife ọmọ rẹ̀,
ife kékeré, aláwọ̀ ewé, tí eyín ọmọdé ti jẹ létí.
Ó fọ̀ ọ́ tán, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀,
ó tún bẹ̀rẹ̀.
Ọmọ náà kò sí nínú yàrá. A ò sọ ibi tó wà.
Níta, páìpù ńlá ń gbé omi kọjá lọ sí pápá gọ́ọ̀fù,
à ń gbọ́ bó ṣe ń kùn.

Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn olówó ní ìrọ̀lẹ́:
“Ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín ìkà kan, yóò yé wọn.
Ajá yẹn nílò ìṣẹ́jú mẹ́rin sí i.”
Ọ̀gbẹ́ni Kesselring ló fọwọ́ sí i.
Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun náà ní ìdí tirẹ̀:
ilé méjì, ọmọ mẹ́ta, àga kan tí ojú ẹlòmíràn wà lára rẹ̀.
Mo lè gé òun náà bẹ́ẹ̀, kí n fi ẹ̀rín rẹ̀ nìkan sílẹ̀,
ẹ ó sì ti kórìíra rẹ̀ kí gúgúrú yín tó tán.

Mo gé e.
Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, owó ilé kì í mọ̀ pé a ní ẹ̀rí ọkàn.
Ọ̀gbẹlẹ̀ jáde látinú èéfín, ó rẹ́rìn-ín, ó mú odò kan gbẹ,
akọni mẹ́sàn-án sì bò ó bí eṣinṣin ṣe ń bo egbò.
Wọ́n lù ú. Kí ló ṣe? Ó rẹ́rìn-ín.

Thurlow ti pè mí lọ́sàn-án.
“Ife yẹn ńkọ́?”
Mo ní a ṣì ń wò ó.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń dà ní ilé ìdáná rẹ̀,
mo sì gbọ́ nígbà tó pa á.

Ohun kan péré ni mo jí.
Níbi tí Ọ̀gbẹlẹ̀ ti ṣubú, kí ajá tó fò kọjá,
mo ki ife náà bọ̀ ọ́: àwòrán mẹ́rìnlélógún, ìṣẹ́jú àáyá kan,
àwọ̀ ewé nínú iyanrìn.
Kò tíì sẹ́ni tó rí i.
Bóyá ọmọ kan, nínú òkùnkùn sinimá kan, yóò béèrè pé
ife ta nìyẹn,
bàbá rẹ̀ yóò sì ní: dákẹ́, wo ajá.